Epìyà Ọ̀sà Èkó

  Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àrọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń sìn sínú táǹkì lẹ́yìnkùlé, kì í sì í ṣe ti ẹja inú yìnyín tó ti òkè òkun wá. Ọ̀rọ̀ epìyà ni, epìyà inú ọ̀sà gan-an, èyí tí wọ́n máa ń kó jọ ní òkìtì-òkìtì sórí àtẹ ní ọjà Ilé-Epo, tí ìyá ẹlẹ́ja á máa wọ́n omi sí i lára kí ó má baà gbẹ. Oríṣiríṣi epìyà ló wà. Èyí tí mò ń wí kò ṣòro dá mọ̀: ara rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ kéré, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì ní àbàwọ́n dúdú tó máa ń dé ọ̀fun nígbà mìíràn. Àwọn kan máa ń dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 30, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé ọjà kò ju 15 sí 20 lọ, ìyẹn ẹja tí yóò gbà sínú àwo ọbẹ̀ láìgé e. Sarotherodon melanotheron ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹja ń pè é; Eduard Rüppell, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1852. Láti Senegal wá títí dé Kamẹrúùnù, níbikíbi tí odò bá ti ń pàdé òkun, ọmọ onílé ni.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí etígbọ̀ọ́ yín ni pé ìyà tí ẹja yìí lè jẹ kó má kú pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹja lọ. Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò lè fara dà, àwa tí a kò sì tilẹ̀ ń gbé ní etí ọ̀sà ń lọ́wọ́ nínú ohun náà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé tó ń gbé. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ gan-an, wọ́n ní ó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 208, ṣùgbọ́n kò jìn. Ní ibi púpọ̀, mítà kan àbọ̀ sí mẹ́ta péré ni omi ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ lọ, tí ọ̀pá náà sì ń kan ilẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó gbòòrò ló ní sí òkun, ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gbà wọ Àpápá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún wọlé láti ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ń fà sẹ́yìn. Láti òkè, Odò Ògùn ń wọ̀ ọ́, odò Májídùn ń wọ̀ ọ́, omi Odò Ọ̀ṣun náà ń gba inú ọ̀sà Lẹ́kí bọ̀ wá síbẹ̀.

Nítorí náà, omi ọ̀sà kì í dúró sí ojú kan. Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù keje, àti nígbà tí òjò bá tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, àwọn odò á kún, wọn á ti iyọ̀ padà sí òkun, ibi púpọ̀ nínú ọ̀sà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tí èèyàn lè bu mu tí kò bá sí ti ìdọ̀tí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí odò fà, òkun á tún wọlé, iyọ̀ á gbilẹ̀. J. E. Webb àti M. B. Hill kọ̀wé lé èyí lórí ní ọdún 1958, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìwádìí ọ̀sà náà àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, ohun tí wọ́n sì rí nígbà náà ni pé òjò ló ń pàṣẹ fún gbogbo ohun abẹ̀mí ibẹ̀. Àwọn ẹ̀dá mìíràn á bá iyọ̀ wọlé, wọn á bá iyọ̀ jáde. Àwọn tí kò lẹ́sẹ̀, tí wọn kò ní lẹbẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, á kú tí omi tí kò níyọ̀ bá dé, àwọn mìíràn á sì wá gba ipò wọn. Epìyà kò lọ sí ibì kankan.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣẹ́ ẹja nílé, ẹ mọ ohun pupa onítẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ìbòrí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, tí ẹ máa ń fà yọ dànù. Ibẹ̀ ló fi ń mí. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé omi àti iyọ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì sí ẹja tó lè mí láìjẹ́ pé ó gbà kí omi kan ibẹ̀. Tí ẹ bá mú ẹja tó jẹ́ ti inú odò nìkan, tí ẹ jù ú sínú omi òkun, iyọ̀ òkun náà á máa fa omi ara rẹ̀ jáde, òǹgbẹ á sì pa á nínú omi. Tí ẹ bá mú ti òkun sọ sínú odò, omi á máa rọ́ wọ inú ara rẹ̀ títí yóò fi wú, tí iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì ṣàn dànù.

Epìyà ní àwọn ẹyọ kéékèèké kan nínú awọ ibi tó fi ń mí yẹn, tí ojú lásán kò lè rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti adènà: àwọn ló ń pinnu ìhà tí iyọ̀ máa gbà. Nígbà tí òkun bá wọlé, ẹja náà á máa mu omi gan-an, kí òǹgbẹ má baà pa á, àwọn adènà yìí á sì máa lé iyọ̀ tó bá omi wọlé jáde padà. Nígbà tí òjò bá sọ ọ̀sà di omi odò, kò ní mu omi mọ́, á máa tọ̀ púpọ̀, àwọn adènà kan náà á yí iṣẹ́ wọn padà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwọ̀nba iyọ̀ tó ṣẹ́ kù nínú omi wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan. Ara ẹja náà ní láti tún ara rẹ̀ tò fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ń ṣe é ní gbogbo ọdún.

Tí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká lọ sí Senegal díẹ̀. Odò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Saloum. Láti ìgbà tí ọ̀dá ńlá ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Sahel ní ìparí àwọn ọdún 1960, omi òjò tó ń wọ odò náà kò tó èyí tí oòrùn ń fà gbẹ mọ́, débi pé òkè odò náà ló níyọ̀ jù, ẹnu òkun ló sì rọ̀ jù. Lítà omi òkun kan máa ń ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35. Ní òkè odò Saloum, iyọ̀ inú lítà kan ti máa ń kọjá gíráàmù 100 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹja méjì-mẹ́ta péré ló kù tó ń gbé níbẹ̀, epìyà yìí sì wà nínú wọn. Kì í ṣe pé ó kàn ń gbé ibẹ̀, ó ń bímọ níbẹ̀. Ohun tí ìyà yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdàgbà: kò ní ga, kò ní sanra, á sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nígbà tó ṣì kéré gan-an, nítorí agbára tí ì bá fi dàgbà, ara rẹ̀ ń ná an sórí lílé iyọ̀ jáde. Nígbà míì tí ẹ bá rí epìyà tín-ín-tín lọ́jà tó ti ní ẹyin nínú, ẹ rántí pé kì í ṣe ọmọdé. Àgbà tí ibùgbé rẹ̀ há ni.

Ní ti oúnjẹ, kò yan ohun olówó ńlá. Ní ọdún 1971, S. O. Fagade tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ohun tí àwọn epìyà inú ọ̀sà Èkó ń jẹ, ohun tó sì bá nínú ikùn wọn ni àwọn ewé omi tí ojú kò lè rí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìjẹrà tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, àti yanrìn tó bá wọn wọlé. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó máa ń hù lára òpó afárá àti lára igi tó rì sómi, oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Eyín rẹ̀ kéékèèké, ó pọ̀, ó fi ń họ nǹkan jẹ ni. Ìfun rẹ̀ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, nítorí pé ewé kì í tètè dà nínú. Ohun tí ọ̀bọ̀kún àti kúta kò lè jẹ ló ń jẹ, òun náà á wá di oúnjẹ fún ọ̀bọ̀kún àti kúta, fún àwọn ẹyẹ etí omi, àti fún àwa náà. Òun ló ń sọ ẹrẹ̀ di ẹran.

Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì fi ṣe ọgbọ́n ìpẹja kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sà Nokoué, níbi tí ìlú Ganvié wà lórí omi, àti ní ọ̀sà Porto-Novo, àwọn apẹja máa ń gé ẹ̀ka igi, wọ́n á gún un mọ́ inú ẹrẹ̀ ní ibi tí omi kò jìn, tí yóò fi kún gbogbo ibẹ̀ dẹ́nu. Akájà ni wọ́n ń pè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó ń yọ̀ yẹn á ti hù bo gbogbo igi náà. Epìyà á wá jẹun, á rí ibi sá pamọ́ sí lọ́wọ́ ẹja ńlá, á sì bímọ sáàárín igi. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á na àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi tu, wọ́n á kó ẹja. R. L. Welcomme ṣe ìwádìí ọ̀nà yìí, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1972, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Dahomey. Ó rí i pé ẹja tó ń jáde láti inú akájà pọ̀ fíìfíì ju èyí tí ọ̀sà lásán ń mú wá ní ìwọ̀n ibi kan náà, àti pé epìyà olágbọ̀n dúdú yìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn apẹja tiwa ní ọ̀sà Èkó náà ń ṣe irú rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ra oúnjẹ ẹja. Igi ni wọ́n gún.

Ìṣòro tirẹ̀ wà o. Igi yẹn, inú igbó etí omi ni wọ́n ti ń gé e, ìyẹn àwọn igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò wọn yọ sókè, níbi tí àwọn ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Tí a bá gé igbó tán láti ṣe akájà, ẹja tí yóò wọ inú akájà á dín kù. Ó yẹ kí ẹni tó ń gé igi máa gbin òmíràn.

Ó wá kan ibi tí mo ti ń bọ̀ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí.

Láàárín epìyà yìí, obìnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ súnmọ́ ọkùnrin. Wọ́n á jọ rìn káàkiri ara wọn ní ibi tí omi kò jìn, tí oòrùn ń dé ìsàlẹ̀, wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré kan sínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀. Ìyá á yé ẹyin sínú rẹ̀, baba á da àtọ̀ lé e lórí. Ẹyin náà tóbi fún ẹja tó kéré báyìí, ẹyọ kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́ta, kò sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni, kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi ti àwọn ẹja tó ń da ẹyin sójú òkun tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ìyá á kúrò níbẹ̀. Baba á ṣí ẹnu, á ṣa àwọn ẹyin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kó gbogbo wọn sẹ́nu, á pa ẹnu dé.

Láti ìgbà náà lọ, kò ní jẹun tó ní láárí mọ́. Ẹyin á pa nínú ẹnu rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò ní jáde. Àpò oúnjẹ tí wọ́n bá wá sáyé ṣì wà lábẹ́ ikùn wọn, ìyẹn ni wọ́n á máa jẹ. Baba á máa yí wọn nínú ẹnu, á máa fẹ́ omi tútù sí wọn kí wọ́n lè mí, kí ìdọ̀tí má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tú wọn sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí ọkùnrin náà ń rù, ìyá wọn sì wà níbi kan tó ń jẹun, tó ń kó ẹyin mìíràn jọ sínú, nítorí náà ní agbègbè tí oúnjẹ bá wà, kò pẹ́ tí yóò tún fi ní ẹyin tó ń wá baba fún. Gbogbo ọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sà, kò sí oṣù kan tí ẹ kò ní rí baba tí ẹnu rẹ̀ kún.

Ẹ̀yin apẹja tó ń gbọ́ mi ní Makoko, ní Òwòròǹṣòkí, ní Bàriga, ẹ̀yin Ìlàjẹ àti ẹ̀yin Ẹ̀gùn, ẹ̀yin ni ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jù. Nígbà tí ẹ bá fa àwọ̀n sókè tí epìyà kan sì ya ẹnu tí ohun róbótó-róbótó aláwọ̀ ìyeyè ń já bọ́ sínú ọkọ̀, ìdílé kan lódidi ni. Kì í ṣe ẹja kan lẹ mú. Epìyà ní agbára láti kún ọ̀sà padà lẹ́yìn tí a bá ti pa púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu baba ni agbára náà wà. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù, àti àwọn tó tilẹ̀ ń fi àwọ̀n ẹ̀fọn fa etí omi níbi tí àwọn ọmọ tí baba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ń sá pamọ́ sí, ìyẹn ni ọwọ́ yín fi lè ṣe é ní ibi. Mo bẹ̀ yín, ẹ fẹ ojú àwọ̀n. Èyí tí ẹ bá sì rí i pé ẹnu rẹ̀ wú, tó ṣì ń mí, ẹ dá a padà sómi kí ó tó pọ̀ wọ́n. Ẹja kan ṣoṣo kò lè dí ọ̀nà àtijẹ yín.

Agbára ọmọ bíbí yìí náà ló sọ epìyà di wàhálà níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń rí i nínú omi láti nǹkan bí ọdún 1959. Wọ́n kó o lọ sí Hawaii ní àwọn ọdún 1960, nítorí pé wọ́n ń wá ẹja kékeré tí wọ́n lè fi ṣe ìjẹ ìwọ̀ fún ẹja tuna, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó wá sọ ọ́ di gbajúgbajà ni ti Thailand. Ní ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ aládàáni kan fi àṣẹ ìjọba kó ẹja yìí láti Gánà wọ ilẹ̀ náà fún ìdánwò. Lẹ́yìn ọdún méjì ni àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rí i nínú omi ìta. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2024, ó ti wà ní ìpínlẹ̀ tó ju 10 lọ, ó ń jẹ ẹyin edé àti ọmọ ẹja tí àwọn àgbẹ̀ ń sìn, ìjọba sì ń sanwó fún àwọn èèyàn láti máa kó o jáde. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń fi èyí pe ẹja náà ní ẹja burúkú. Ẹja kò burú. Níhìn-ín, kúta mọ̀ ọ́n, ọ̀bọ̀kún mọ̀ ọ́n, ẹyẹ mọ̀ ọ́n, apẹja mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló ń mú un dín kù. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó ń sin ẹja, ẹ má ṣe kó ẹja ilẹ̀ òkèèrè sínú odò wa nítorí ìdí kan náà.

Ẹja tó lè fara da iyọ̀ ìlọ́po mẹ́ta ti òkun, tó ń jẹ ẹrẹ̀, tí baba rẹ̀ ń gbààwẹ̀ lórí ọmọ, kí ló lè ṣẹ́gun rẹ̀ ní ilé rẹ̀?

Etí omi ni. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan, ibi tí omi kò jìn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni kòtò ẹyin wà, ibẹ̀ ni oòrùn ti ń dé ìsàlẹ̀ kí ohun tí ó ń jẹ lè hù, ibẹ̀ ni gbòǹgbò igi ti ń dáàbò bo àwọn ọmọ. Ibi tí omi kò jìn yẹn gan-an ló rọrùn jù fún èèyàn láti da yanrìn kún. Banana Island tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, inú ọ̀sà ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Láti Òwòròǹṣòkí lọ dé apá Lẹ́kí, ilẹ̀ ń gbòòrò, ọ̀sà ń sún sẹ́yìn. Yanrìn tí wọ́n ń dà sí i, inú ọ̀sà kan náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fà á, èyí tó ń sọ ìsàlẹ̀ di kòtò jíjìn tí oòrùn kò lè dé, tí omi rẹ̀ sì pọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní Ìpájà, ní Àyọ̀bọ̀, ẹ mọ̀ pé yanrìn tí típà ń já sílẹ̀ fún yín, apá kan rẹ̀ ń ti inú Odò Ògùn àti inú ọ̀sà wá. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ kí ìjọba fi àwọn etí omi kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn, kí wọ́n sì sọ ibi náà fún gbogbo ayé, kí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn má ṣe dé ibẹ̀ láéláé. Ẹja lè yí ara rẹ̀ padà nítorí iyọ̀. Kò lè bímọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Lẹ́yìn ti yanrìn, ìdọ̀tí ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìlagi ní Òkóbàbá fi ń da ìyẹ̀fun igi sínú ọ̀sà, tí ó ń rì, tó ń jẹrà, tó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹ̀dá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí Àgbọ̀wà. Ti àwọn ilé-iṣẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa náà wà níbẹ̀. Odò Ìyá Aláró, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Orégùn àti Ọ̀jọ́ta kọjá, omi láti àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ló ń gbé lọ sí ọ̀sà ní ìhà Ògùdù. Ẹ ronú ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹja tó ń jẹ ohun tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Òjé àti àwọn irin mìíràn tó bá bá omi ilé-iṣẹ́ wá, kì í léfòó, ó máa ń rọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Epìyà kò ní ọ̀nà láti yan ẹrẹ̀ tó mọ́ nínú ẹrẹ̀. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀, àwa ni yóò bá jẹun.

Àwa tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá rò pé ọ̀sà jìnnà sí wa. Kò jìnnà. Omi tí ilé-iṣẹ́ omi Adìyàn ń fọ̀ fún ìlú, láti ara Odò Ògùn ló ti ń fà á, odò kan náà tó ń lé iyọ̀ kúrò nínú ọ̀sà nígbà òjò. Òjò tó rọ̀ sórí òrùlé yín ní Ahmadiyya tàbí ní U-Turn ládùúgbò wa, gọ́tà ló ń gbé e fún kánààlì, kánààlì á gbé e fún odò, odò á gbé e fún ọ̀sà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a sọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀nà, epo mọ́tò tí mẹkáníìkì dà sí gọ́tà lẹ́yìn tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwọn àwo fóòmù funfun tí wọ́n ń fi bu oúnjẹ tà, mo sì dúró ti òfin yẹn gbágbágbá, nítorí pé ìwọ̀nyí máa ń já sí wẹ́wẹ́ nínú omi, ẹja tó ń họ nǹkan jẹ lára igi kò sì ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, mo mọ̀ pé ẹ ní ibi tí ẹ lè kó òkú ọ́ìlì sí. Àwọn kan ń rà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ tà á, ẹ má dà á sí gọ́tà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé máa ń bi mí, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ kí àkókò tó tán: ṣé èèyàn lè sin epìyà ọ̀sà nínú táǹkì ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí omi kànga kò níyọ̀? Ẹ lè sìn ín. Omi tí kò níyọ̀ kò ní pa á, ẹ ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Ohun tí yóò dà yín láàmú ni ọmọ. Ní táǹkì tó há, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nígbà tí wọ́n ṣì kéré, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ á ní ẹja púpọ̀ tí kò sí èyí tó tó tà. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń kó àrọ̀ mélòó kan sí i kí àrọ̀ máa jẹ àwọn ọmọ náà, èyí ń ṣiṣẹ́ tí àrọ̀ náà kò bá pọ̀ jù, tí kò sì tóbi débi tó fi lè gbé àgbà mì. Tí owó kíákíá lẹ ń wá, àrọ̀ nìkan ló dára fún yín. Ẹ fi epìyà ọ̀sà sílẹ̀ fún ọ̀sà, kí ẹ sì máa rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń pa á níbẹ̀.

Tí ẹ bá dé ọjà Ilé-Epo láàárọ̀ ọ̀la, ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja ibi tí epìyà rẹ̀ ti wá. Ìyá ẹlẹ́ja tó bá mọ̀ á sọ fún yín bóyá ti ọ̀sà ni, ti Ẹ̀pẹ́ ni, tàbí ti adágún àgbẹ̀. Ojú ẹja náà gbọ́dọ̀ mọ́, kó má wọnú. Ẹ ṣí ìbòrí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n dáadáa. Àbàwọ́n dúdú abẹ́ àgbọ̀n yẹn kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì pé ẹja ti ń bàjẹ́; bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.